Yàrá Ràbíátù nílé Onígàárì

Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó tó sì forí lé Bẹyẹrúnká, kò ní pẹ́ kó tó dé ilé Onígàárì. Bàbá àgbà tó tẹ ilé náà dó ló ń ṣe gàárì tí àwọn jagunjagun ń dì mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin láyé ogun. Ogun parí, ẹṣin di ohun tí à ń rí lọ́jọ́ ọdún nìkan, orúkọ ló kù nílẹ̀.

Ilé náà kì í ṣe ilé bí a ti ń kọ́ ọ lóde òní. Agbo ilé ni. Ògiri alámọ̀ gígùn kan ló yí i ká, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni tọmọdé tàgbà ń gbà wọlé. Tí ènìyàn bá wọlé tán, inú àgbàlá gbòòrò ni yóò ti bá ara rẹ̀, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yóò sì yí i ká. Àwọn yàrá náà kéré, wọn ò ní fèrèsé, òkùnkùn wọn sì tutù lọ́sàn-án gangan. Ẹrù àti oorun nìkan ni wọ́n wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú wọn, tí òrùlé gùn bò, tí òpó igi gbé dúró, níbẹ̀ ni ayé ti ń lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń dirun fún ara wọn, níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń kírun tí òjò bá ká wọn mọ́lé. Tí òjò bá sì ń rọ̀, gbogbo òrùlé á da omi sí àgbàlá, àwọn ìyá ilé á to ìkòkò sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojú àgbàrá jáde lábẹ́ ògiri.

Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Yàrá ìyá ni ọmọ fi ń mọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Sàídì, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ilé náà, ọmọ Sàídì Onígàárì ni gbogbo wọn ń jẹ́ lójú òde, ṣùgbọ́n nínú ilé, ọmọ yàrá báyìí àti ọmọ yàrá ọ̀hún ni wọ́n.

Yàrá kejì lápá òsì ni ti Àlímọ́tù, ìyàwó àkọ́fẹ́ Sàídì. Níbẹ̀ ló bí Ràbíátù sí, níbẹ̀ ló bí Màmúdù sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ènìyàn ti gbà pé ọmọ kan ṣoṣo ló máa ní, níbẹ̀ náà ló kú sí nígbà tí Màmúdù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ràbíátù ló gbé ọmọ náà pọ̀n. Ó pọ̀n ọ́n lọ sódò, ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, ó pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ràbíátù, ta ló pọn ta nínú ẹ̀yin méjèèjì yìí?”

“Ẹ fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yìn yín kọ́ ló ń dùn.”

Nígbà tí ó tó relé ọkọ, Ọ̀rányàn ni wọ́n mú un lọ. Kò rí ọmọ bí níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọkọ ń sọ ọ́ fún un, wọ́n á máa dárúkọ ọmọ tí wọn ò bí létí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ó gba ìsàlẹ̀ Mápó wá sílé. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ obìnrin tó bá ti ilé ọkọ bọ̀ ní yàrá nílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà náà. Ọláyínká, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti di Mọ́gàjí, olórí ilé. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún un kò ju báyìí lọ:

“Gbá yàrá ìyá rẹ, kí o wọlé.”

Ó gbá a, ó sì wọlé.

Iṣẹ́ tí Ràbíátù fi jẹun ni ilé rírẹ́. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, ara ògiri alámọ̀ máa ń ṣí, ilẹ̀ yàrá á sì máa là. Ràbíátù á lọ kó ìgbẹ́ màlúù tútù níbi tí àwọn Gàḿbàrí ń so ẹran mọ́lẹ̀, á wa amọ̀ pupa, á pò wọ́n pọ̀ mọ́ omi, á bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ lásán ló fi ń rẹ́ ẹ. Á kúnlẹ̀, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yí i bìrí bìrí, láti ẹsẹ̀ ògiri lọ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ga mọ. Tó bá kan ilẹ̀, á fi ewé ẹ̀lú pa á kó lè dú, á sì fi òkúta odò tó ń dán ra á títí á fi máa tàn. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, Ìyá Arẹ́lé ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ. Òórùn amọ̀ àti ti màlúù kì í tán lára aṣọ rẹ̀. Kò bìkítà. Iṣẹ́ náà ló fi rán Màmúdù lọ kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìṣó àti páànù lábẹ́ Mápó, òun náà ló fi bá a gbéyàwó.

Àsìkò dáa fún ẹni tó ń ta páànù. Gbogbo Ìbàdàn ló ń ṣí koríko kúrò lórí ilé. Nígbà tó máa fi di àárín ọdún 1950 sí 1960, Màmúdù ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ń dé fìlà olówó lọ́jọ́ Jímọ̀. Lálaalẹ́ tó bá ti ọjà dé, yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sè?”

“Ìyàwó rẹ ò se nǹkan ni?”

“Ó sè. Tiyín ni mo fẹ́ jẹ.”

Inú rẹ̀ á dùn, á ní kò lójútì, á sì bu oúnjẹ fún un.

Ní ọdún 1954, òjò kan rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá. Apá ìlà oòrùn agbo ilé náà wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òrùlé, òpó, ògiri, gbogbo rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ti ń sọ tipẹ́ wọ ilé Onígàárì náà: kò sẹ́ni tó tún fẹ́ mọ agbo ilé bí ti àtijọ́. Wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ náà, kí olúkúlùkù kọ́ èyí tó bá lè kọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ́gàjí. Ìpín ti Sàídì ni wọ́n fẹ́ pín lọ́jọ́ náà. Ọmọ méje ló fi sáyé. Méjì jẹ́ ti Àlímọ́tù, Ràbíátù àti Màmúdù. Márùn-ún jẹ́ ti ìyàwó kejì, Kúbúrá sì ni àgbà wọn. Ọ̀nà méjì ló wà láti pín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ó-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, yóò gba ìpín kan. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, yàrá ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín kan, iyekíye ọmọ tó wù kí ìyá náà bí.

Mọ́gàjí gé ọ̀rọ̀ kúrú. “Orí-ó-jorí ni mo fẹ́. Ẹ ti pọ̀, ilẹ̀ ò sì tóbi. Ràbíátù, yàrá tí o wà àti iwájú rẹ̀ títí dé ojú àgbàrá, tìrẹ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ dá sí i.”

Gbogbo wọn mi orí. Ràbíátù nìkan ni kò mì í. Ó ń wo Màmúdù tó jókòó sẹ́bàá òpó. Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn àbúrò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti fi igi yà á sílẹ̀ fún un: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé alájà méjì, tí ó ní fáráńdà lókè. Ìpín kan nínú méje kò lè gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdajì ilẹ̀ á gbà á.

Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín ohun tí bàbá tiyín fi sílẹ̀. Ìdí-igi la mọ̀ nílé yìí.”

Ariwo sọ. Kúbúrá dìde dúró. “Ẹ̀gbọ́n! Àwa márùn-ún nìyí! Ṣé orí ara wa lẹ fẹ́ ká máa sùn ni?”

“Èmi kọ́ ni mo ní kí ìyá yín bí márùn-ún.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kúbúrá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, ó sì fi ìborùn nu ẹnu.

Ní ilé Onígàárì, bí ẹnìkan bá ti di ìdí-igi mú, Mọ́gàjí kò lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Ràbíátù.

“Rò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ orí-ó-jorí, ìwọ fúnra rẹ ní tìrẹ. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ti yàrá ìyá rẹ ni, ẹnìkan ló sì máa dì í mú.”

“Màmúdù ló máa dì í mú, Bàbá.”

“Ṣé kí n kúkú là á sí méjì láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kí gbogbo ilé gbọ́ ọ lónìí?”

“Bàbá, ọmú kan náà la mu. Kí ni èmi àti Màmúdù fẹ́ máa pín?”

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Màmúdù dìde níbi tó wà, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà obìnrin ní ọmọ ìyá nìyẹn, Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a ṣìkà fún ara wa. Ràbíátù gbé e dìde, ó ń sunkún ayọ̀. Ó padà sí yàrá rẹ̀, tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ láti ọ̀sán yẹn, ó sì dá iná alẹ́.

Ó tó ọdún mélòó kan kí Màmúdù tó bẹ̀rẹ̀ ilé. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti tún apá tiwọn ṣe ní tiwọn: wọ́n kan páànù lé ògiri àtijọ́, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n há mọ́ra. Apá ti Àlímọ́tù ni wọ́n wó pátá. Wọ́n ṣí yàrá tẹ̀lé yàrá, wọ́n ń da amọ̀ ògiri sómi, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi ṣe bíríkì tuntun. Yàrá Ràbíátù ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun èlò sí. Òun náà ló ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà, òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán wọn.

Lọ́jọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀, Màmúdù mú un lọ́wọ́ rìn káàkiri ìpìlẹ̀.

“Yàrá tó kọjú sí àgbàlá yìí ni tiyín. Mo ti ní kí wọ́n ṣe fèrèsé ńlá sí i. Ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe? Òkùnkùn ni wọ́n bí mi sí.”

“Ẹ máa fi wo àwọn tó ń kọjá.”

“Ìyẹn dáa. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọjà'ba, ó ní kò ní pẹ́ lóun máa padà. Bó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á yà wo bí ilé ṣe ga tó, á dúró sí ọ̀kánkán fèrèsé náà, á wo inú rẹ̀, á máa lọ. Iṣẹ́ náà sì ti ń dín kù. Símẹ́ńtì ni gbogbo ènìyàn ń fi rẹ́ ilé báyìí. Ẹni tó bá fi símẹ́ńtì rẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan kì í pe Ìyá Arẹ́lé mọ́ láéláé.

Ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n parí ilé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lóòótọ́. Ògiri rẹ̀ funfun, fáráńdà rẹ̀ ní òpó símẹ́ńtì roboto, yàrá mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, ọ̀nà gbọọrọ wà láàárín wọn lọ dé ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ràbíátù yà síbẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó bá àwọn alábàárù tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì onírin gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Yàrá olójú àgbàlá ni wọ́n gbé e wọ̀. Obìnrin ọ̀dọ́ kan tó wọ aṣọ funfun ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra.

Ó gun òkè lọ. Kò gun àtẹ̀gùn ilé náà rí.

“Ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Màmúdù wí láti inú pálọ̀. “Símẹ́ńtì náà ṣì tuntun.”

“Bẹ́ẹ̀dì ta ni wọ́n ń gbé wọ yàrá mi?”

“Ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Bẹ́ẹ̀dì ta ni?”

“Nọ́ọ̀sì kan ni, ní Yemẹtù ló ti ń gbẹ̀bí. Louisa ni wọ́n ń pè é. Ọmọlúàbí ni.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ìwà rẹ̀. Yàrá ta ni?”

Màmúdù fọwọ́ pa ojú. Kì í ṣe pé kò tijú. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó ti pinnu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ilé yìí. Ẹ wo ara ògiri rẹ̀. Iná igi lẹ ń dá. Ìgbẹ́ màlúù lẹ ń pò. Bí òórùn yẹn bá gba ojú ọ̀nà, ta ló máa háyà yàrá níbẹ̀? Kí ni kí n máa sọ fún àwọn tó bá wá kí mi?”

“Ìgbẹ́ màlúù yẹn ló tọ́ ọ dàgbà.”

“Mo mọ̀. Mi ò sọ pé mi ò mọ̀. Ẹ gbọ́ tèmi. Abẹ́ àtẹ̀gùn fẹ̀. Mo ti ní kí káfíńtà fi pákó dí i, kó ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i. Ẹ máa kó ẹrù yín síbẹ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ tẹ́ ẹní yín sójú ọ̀nà. Bí ayálégbé kan bá ti kó jáde, ẹ wọlé.”

“Ojú ọ̀nà? Níbi tí wọ́n ń gbà lọ ṣálángá?”

Ìyàwó Màmúdù wúkọ́ nínú yàrá kejì, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń gbọ́.

“Màmúdù, lójú gbogbo ilé ni o dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Mo tún lè dọ̀bálẹ̀ báyìí.”

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi àyà lélẹ̀ lórí símẹ́ńtì tuntun náà pẹ̀lú agbádá lọ́rùn rẹ̀, ó ní kó foríjì òun. Ràbíátù dúró wò ó. Kò sọ pé kó dìde. Ó kó bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí ló gbà lọ. Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ohùn ló fi ń mọ ènìyàn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí Ràbíátù rò fún un láìdá sí i.

“Bí mo bá pè é, kí ni kí n sọ fún un?” ni ó bi í níkẹyìn. “Yóò ní ìwọ lo gbé e fún òun. Òótọ́ ló máa sọ. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, Ràbíátù.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

“Mo lè bẹ̀ ẹ́. Ká ní orí-ó-jorí la fi pín in ni, àṣẹ ni ǹ bá pa.”

Bàbá bẹ Màmúdù lóòótọ́. Màmúdù ní òun ti gbọ́, pé bí ayálégbé kan bá ti kó jáde, ẹ̀gbọ́n òun á wọlé. Kò sí ayálégbé tó kó jáde. Ọ̀rẹ́ tó wà ní Ọjà'ba sì ti ń sọ pé ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, yàrá ò ní tó.

Ó kù sọ́dọ̀ Kúbúrá. Ràbíátù ti ń kọjá níwájú ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ilẹ̀, ìkíni tí wọ́n ń kí ara wọn kò sì ju ‘ẹ kú iṣẹ́’ àti ‘o kú iṣẹ́’ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró létí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Kúbúrá ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Àkíbù, àbúrò rẹ̀, ń rán gàárì fún ẹṣin àwọn ọlọ́dún, òun nìkan ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìdílé wọn.

“Ẹ kú ọ̀sán,” ni Kúbúrá wí. “Kí lẹ ń wá?”

“Ibi tí n máa fẹ̀yìn lélẹ̀ ni mo wá tọrọ.”

Kúbúrá kò gbójú sókè. “Ẹ kúkú yọjú wo yàrá yẹn. Ẹ bá mi ka orí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀.”

“A pọ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kí ìyá mi bí márùn-ún.”

Àkíbù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Kúbúrá, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ bàbá wa ni.”

“Ọmọ bàbá wa ni lónìí. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.” Ó gbọn àtẹ ìrẹsì náà, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lé yín. Ilé bàbá yín ni. Yàrá ni mi ò ní. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún ṣófo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀.”

Ràbíátù gbé ẹní rẹ̀ wá nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ kò ní ògiri níwájú, kò ní ilẹ̀kùn. Bí òjò bá bá atẹ́gùn wá, omi á fọ́n sí i lára, á ká ẹní, á jókòó ti ògiri títí á fi dá. Ó pa ilẹ̀ ibẹ̀ bó ṣe máa ń pa ti àwọn ẹlòmíràn, ó ra á títí ó fi dán. Nígbà tó tọwọ́ bọ amọ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ògiri, Kúbúrá pè é.

“Ẹ fi ògiri sílẹ̀ o. Kí ẹnìkan má baà jí lọ́la, kó ní yàrá òun ni.”

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó tó ẹní kan ló ń dán, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń ṣí lọ́dọọdún. Òun tó ti ń rẹ́ ògiri fún gbogbo ìlú, wọn ò fún un láyè láti rẹ́ ọ̀kan nílé bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé níbẹ̀. Kúbúrá ń bu oúnjẹ fún un, kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n kì í sábà bù ú láìsọ nǹkan sí i. “Ẹ gbà, tọmọ ìyá yín lókè ò tíì jinná.” Tàbí kó ní, “Ẹ jẹun kíá, ẹ máa fi ìmọ́lẹ̀ wo àwọn tó ń kọjá.” Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé náà fún un. Louisa, nọ́ọ̀sì, máa ń kúnlẹ̀ kí Ràbíátù tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni. Kò mọ nǹkan kan nípa yàrá tó ń sùn sí, Ràbíátù kò sì sọ fún un.

Màmúdù kò ṣílé títí di ọdún kejì. Nígbà tó fẹ́ ṣí i, ó pa màlúù, ó pe àwọn àlùfáà àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kúbúrá, ó dúró níta, kò wọlé. Àwọn kan rò pé Ràbíátù kò ní lọ. Ó fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn lè kúrò, ó lọ. Wọ́n fi í sórí àga níwájú, nítorí pé ẹ̀gbọ́n onílé ni. Àlùfáà àgbà gbàdúrà kí ilé náà má ṣe tú, kí ó kó gbogbo ọmọ Sàídì mọ́ra. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Ràbíátù náà ṣe é, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, obìnrin kan láti Bẹẹrẹ, Ìyá Títílayọ̀, tí Ràbíátù ti ń rẹ́ ilé fún kí wọ́n tó da símẹ́ńtì sí i, fà á lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá.

“Ìyá Arẹ́lé, ẹ kú oríire! Ẹ ti sinmi iṣẹ́ amọ̀ nìyẹn. Ẹ tọ́ ọmọ, ọmọ náà sì tọ́jú yín. Èwo ni yàrá tiyín níbẹ̀?”

Ràbíátù wo ilé náà. Màmúdù wà lókè ní fáráńdà láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó bá sọ òótọ́, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Bẹẹrẹ á ti gbọ́ ohun tí ọmọ tó pọ̀n dàgbà ṣe fún un.

“Ìyẹn,” ni ó wí. Fèrèsé ńlá tó kọjú sí àgbàlá ló nawọ́ sí. Louisa wà níbi iṣẹ́, fèrèsé wà ní títì.

“Ó mà dára o! Ẹ jẹ́ ká wọ ibẹ̀, kí n rí i.”

“Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Màmúdù, àlejò ò sì jẹ́ kó ráyè.”

“Kò burú. Mo mọ̀nà báyìí. Màá máa wá kí yín níbẹ̀.”

Kúbúrá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, kò jìnnà sí wọn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ràbíátù padà síbi ẹní rẹ̀, ó ń retí ohun tí yóò sọ. Abọ́ tó ti jẹun nìkan ni Kúbúrá kó wọlé.

Ìyá Títílayọ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà tó bá ná ọjà tán, á gba Bẹyẹrúnká, á dúró lábẹ́ fèrèsé náà, á máa pe Ìyá Arẹ́lé. Bí Ràbíátù bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á ká ẹní kíákíá, á wọ yàrá Kúbúrá, á jókòó sínú òkùnkùn láàárín àwọn ọmọ, á fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Kúbúrá ló máa ń rìn jáde lọ bá àlejò náà lágbàlá, lọ sọ fún un pé Ìyá Arẹ́lé ti jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé.